Ọ̀DÀ ORÍ Ọ̀DÀ: OHUN TÍ ÒGIRI GBỌ̀NGÀN WA KỌ́ MI

Nígbà tí àwọn tí ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni ògiri gbọ̀ngàn wa. Àwọn tó wà láàárín wa ní 2019 yóò rántí bí ó ṣe bó. Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni a gbọ́ nígbà náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe òótọ́. Èmi mọ òótọ́ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ mi ló ti wá. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n gbogbo wa kọ́ ló wá sí ìpàdé ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì fi ohun tí mo kọ́ nípa ọ̀dà kún un, nítorí kò sí onílé láàárín wa tí kò ní kun ilé lọ́jọ́ kan.

Ní ìparí ọdún 2018, a pinnu pé a ó tún gbọ̀ngàn wa kùn kí ọjọ́ àjọ̀dún tó pé. Wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò bójú tó iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n wò ni pé iṣẹ́ ìjọba tí mò ń ṣe jẹ mọ́ títọ́jú ilé, pé mo sì gba díplómà ní Kaduna Polytechnic. Wọ́n rò pé n ó mọ̀ nípa ọ̀dà. Ní tòótọ́, mo mọ bí a ṣe ń kọ iye owó ọ̀dà sínú ìwé, mo sì mọ iye gálọ́ọ̀nù tí yàrá kan yóò gbà. Bí ọ̀dà ṣe ń di ògiri mú ni n kò mọ̀.

Owó tí a fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ náà, owó àdájọ ni. Àwọn ìyá wa tí ń pàtẹ ata àti èlùbọ́ lọ́jà dá tiwọn, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tí wọn kò tíì rí owó gbà náà dá tiwọn. Ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì ti ń kun ilé ní Kaduna kí n tó jáde ilé-ìwé. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín. Bàbá Akunlé ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Nígbà tí Bàbá wá wo ògiri, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ ó rántí pé láti ilẹ̀ títí dé ibi àyà ènìyàn, ọ̀dà elépo tí ń dán, èyí tí a mọ̀ sí gúlọ́ọ̀sì, ni wọ́n fi kun gbọ̀ngàn náà látijọ́, kí ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn ọmọdé lè ṣe é fọ̀. Òkè ògiri ni ọ̀dà olómi wà, èyí tí àwọn akunlé ń pè ní ẹmọ́ṣọ̀n. Ohun tí ìgbìmọ̀ wa fẹ́ ni pé kí gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan náà, kí a fi ọ̀dà olómi tí ń dán díẹ̀, ìyẹn sátìnì, kùn ún láti òkè délẹ̀.

Bàbá ní, “Alága, elépo ni ìsàlẹ̀ yìí. Ó ń dán bí àwo. Bí a bá gbé olómi lé e lórí báyìí, kò ní dì í mú. A ó fọ̀ ọ́, a ó fi sáńpépà ha á títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, a ó fi púráímà sí i, kí a tó wá kun èyí tí ẹ fẹ́.” Wọ́n ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Mo wo kàlẹ́ńdà, ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí àwọn àlejò wa dé. Mo mú bírò, mo fa ìlà sí orí sáńpépà, mo fa ìlà sí orí púráímà, mo fa ìlà sí orí owó iṣẹ́ ọmọkùnrin méjì tí yóò ha ògiri. Gbogbo rẹ̀ kò ju ₦27,500 lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣáà bá wa kùn ún. Ṣebí ọ̀dà ni yóò bo ọ̀dà.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Bíbò kọ́, Alága. Dídìmú ni.” Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní ìwé owó lọ́wọ́. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ipò mi, wọ́n sì kùn ún.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gbọ̀ngàn wa rẹwà. Wọ́n kí mi títí. Wọ́n yà mí ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, fọ́tò náà sì wà nílé mi títí di òní.

Nígbà tí òjò wá rọ̀ dáadáa láàárín ọdún 2019, ògiri tó wà lẹ́bàá fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò. Ọmọ kan fi èékánná họ ọ́, ó fà á, ọ̀dà tuntun náà sì ṣí bí èèpo iṣu tí a sè, ó gùn tó apá ènìyàn. Mo lọ wò ó. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi ni pé gúlọ́ọ̀sì àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Ó ṣì ń dán. Ọ̀dà òkè ògiri náà kò sì bó níbì kankan. Garawa ọ̀dà kan náà ni, ọwọ́ akunlé kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ibi tí a ti gbé e lé ohun tí ń dán nìkan ló ti ṣí.

Ní ìpàdé oṣù yẹn, àwọn kan ní ńṣe ni Bàbá bu omi lu ọ̀dà. Ẹlòmíràn ní Bàbá ti tà nínú ọ̀dà náà. Wọ́n kọjú sí mi pé kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, “A ó wádìí rẹ̀.” Mo jókòó. Ìwé tí mo fi bírò fa ìlà sí wà nínú fáìlì tó wà lórí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ẹni méjì nínú wa tí wọ́n ti fẹ́ gbé ilé wọn fún Bàbá gbé e fún ẹlòmíràn. Bàbá kò wá sí ìpàdé mọ́.

Kí n tó sọ bí ó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí léèrè, mo ń ka ara agolo, mo sì ń dúró ti àwọn akunlé níbi iṣẹ́ wa.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀nà tí ọ̀dà olómi ń gbà gbẹ yàtọ̀ sí ti elépo. Ọ̀dà olómi, omi ni a fi pò ó, ohun tó dà bí ọ̀rá rọ́bà tó kéré jọjọ ló sì wà nínú omi náà. Bí omi bá ti ń fẹ́ lọ, àwọn ohun kéékèèké yìí ń súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi lẹ̀ pọ̀ di awọ kan. Ọ̀dà yìí fẹ́ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀ sí: ihò wẹ́wẹ́ ara ògiri, tàbí ibi tí a ti ha. Ọ̀dà elépo ní tirẹ̀, bí tínà inú rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, atẹ́gùn ni ó ń gbà sára tí ó fi ń le. Ọwọ́ lè kàn án lálẹ́ kí ó má lẹ̀ mọ́ ọn, síbẹ̀ ó lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí inú rẹ̀ tó le tán. Nígbà tí ó bá le tán, ó dí gbogbo ihò, ojú rẹ̀ sì ń yọ̀. Bí a bá gbé olómi lé e, bí ìgbà tí a gbé bébà lé gíláàsì ni.

A lè gbé elépo lé olómi tó bá ti gbẹ, tí kò bó, tí kò sì ń yọ ìyẹ̀fun sí ọwọ́. Olómi lórí elépo ni ó lè. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láìhá a. Kódà bí a bá fẹ́ gbé gúlọ́ọ̀sì lé gúlọ́ọ̀sì tó ti pẹ́, a gbọ́dọ̀ fi sáńpépà pa dídán rẹ̀ kí tuntun tó lè rí ibi dì mú.

Bí ẹ kò bá mọ irú ọ̀dà tó wà lára ògiri yín, ẹ da sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ sí àkísà funfun, kí ẹ fi ra ojú kan lára ògiri fún ìṣẹ́jú kan. Bí ọ̀dà bá rọ̀ tí ó sì wá sí ara àkísà, olómi ni. Bí kò bá wá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ elépo. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dà tó wà nílẹ̀ ṣì lágbára láti gbé òmíràn, ẹ fi réṣà fa ìlà díẹ̀ ní òró, kí ẹ fa díẹ̀ ní ìbú, kí ẹ lẹ sẹlotéèpù mọ́ ọn pinpin, kí ẹ sì já a lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀dà bá bá téèpù jáde, ẹ má kun nǹkan kan lé e. Ẹ há a kúrò.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti ọyẹ́. Àwa tí a wà ní apá òkè ọya mọ̀ pé láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ, eruku sì máa ń fẹ́. Ó rọrùn láti rò pé ìgbà náà ló dára jù fún ọ̀dà, nítorí pé ó ń yára gbẹ. Ṣùgbọ́n bí omi inú ẹmọ́ṣọ̀n bá yára fẹ́ lọ jù, àwọn ohun kéékèèké inú rẹ̀ kò ní ráyè lẹ̀ pọ̀ dáadáa. Eruku a sì bà lé ojú elépo tí kò tíì gbẹ, a dà bí sáńpépà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń wọ́n omi díẹ̀ sí ògiri sìmẹ́ǹtì tó gbẹ jù kí wọ́n tó fi olómi kùn ún, wọ́n a sì nu ojú ògiri kí wọ́n tó gbé ipele kejì lé èkíní.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti ilé tuntun. Sìmẹ́ǹtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rẹ́ ògiri ní nǹkan bí ọjọ́ 28 tí yóò fi gbẹ kí a tó kùn ún. Ẹni tó bá yára fi ọ̀dà elépo lé e yóò rí ohun tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ dáadáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú? Wọ́n a sẹ́ omi eérú, wọ́n a gbé e pọ̀ mọ́ àdín lórí iná, ó di ọṣẹ. Sìmẹ́ǹtì tútù ní agbára bíi ti omi eérú, ọ̀dà elépo sì ní epo nínú. Bí wọ́n bá pàdé nígbà tí omi ṣì wà lára ògiri, epo inú ọ̀dà yóò di ọṣẹ: yóò rọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò sì bó. Nítorí náà ni a ṣe ń fi síílà tàbí púráímà tí kò bẹ̀rù agbára sìmẹ́ǹtì ṣáájú. Síílà kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ti ń ṣe omi kan tipẹ́ láti ara èèpo èso igi tí a ń ti ara rẹ̀ rí irú, makuba ni wọ́n ń pè é, wọ́n a fi sí ògiri amọ̀ kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ti ilẹ̀kùn pákó. Lẹ́yìn tí a bá ti fi sáńpépà dán pákó, síílà ló kọ́kọ́ ń lọ sí i kí ihò igi lè dí, a ó sì tún fi sáńpépà tó kúnná fọwọ́ tọ́ ọ kí fáníìṣì tó tẹ̀ lé e. Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó ra síílà, nítorí irú kan wà tí fáníìṣì poliyurétéènì kì í lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ilẹ̀kùn tí kì í dán, ẹ má fi fáníìṣì tí kì í dán kun gbogbo ipele. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń pa dídán wà nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ lé ara wọn, yóò bo ojú igi bí ìkùukùu. Ẹ fi èyí tí ń dán ṣe ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí ẹ sì fi èyí tí kì í dán ṣe ìkẹyìn nìkan. Ìpele ìkẹyìn ni ojú ń rí.

Ní ti géètì onírin, ẹ má fi ọ̀dà ọkọ̀ tí a fi tínà líle pò lé gúlọ́ọ̀sì lórí. Tínà náà yóò mu gúlọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì hun jọ bí awọ ẹran tí iná rà. Ẹ sì ṣọ́ra bí ẹ bá ń ha ọ̀dà àtijọ́, nítorí pé òjé wà nínú púpọ̀ nínú wọn, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ bo imú, ẹ fi omi tutù sí i bí ẹ ti ń ha á, ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Nígbà tí kòrónà sé wa mọ́lé ní 2020, mo ní àyè láti ronú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò fi ẹnu pa irọ́, ṣùgbọ́n dídákẹ́ mi ti ṣe iṣẹ́ irọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, mo lọ sí ilé Bàbá. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ha ilẹ̀kùn kan. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, èmi ni mo fa ìlà sí orí sáńpépà àti púráímà. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa bà yín lórúkọ jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.”

Wọ́n ń ha ilẹ̀kùn wọn lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Alága, ẹ dìde. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti gbọ́ èyí náà.”

Nígbà tí ìpàdé tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní 2021, mo gbé fáìlì náà lọ. Mo fi ìwé tí mo fa ìlà sí han gbogbo ilé, mo sì sọ ohun tí Bàbá sọ fún mi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta ata kò pariwo ní tirẹ̀, ohun tó béèrè ni pé, “Owó wa ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn ló dùn mí jù. Mo ní èmi ni n ó san owó àtúnṣe, mo sì san án láti inú owó oṣù mi fún oṣù mẹ́jọ. Ó ju ìlọ́po mẹ́wàá ₦27,500 tí mo rò pé mo bá ẹgbẹ́ fi pamọ́ lọ.

Bàbá ni a tún bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe é. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò. Wọ́n há gbogbo èyí tó bó kúrò, wọ́n fi omi ọṣẹ fọ ògiri, wọ́n fi sáńpépà olómi ha gúlọ́ọ̀sì náà títí ojú rẹ̀ fi ṣú, wọ́n nù ún, wọ́n fi púráímà sí i, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó fi sátìnì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà mú sáńpépà lọ́wọ́. Ìka mi bó. Láti ìgbà náà títí di òní, òjò ti rọ̀, ọyẹ́ ti fẹ́, ògiri náà kò ṣí. Àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá ti lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti padà sí ìpàdé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹgbẹ́ wa àti sí gbogbo onílé. Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí yín. Ẹ kọ irú ọ̀dà tí ẹ lò síbẹ̀, bóyá olómi tàbí elépo, ọjọ́ tí ẹ kùn ún, àti ohun tí ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀. Ti gbọ̀ngàn wa ti wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe alága lẹ́yìn wa kò ní nílò láti méfò. Bí akunlé bá sì sọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà, ẹ gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó mú bírò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Olódùmarè kò ní jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa tú ká. Ojú kò ní tì wá láàárín àlejò. A ó máa fi orí pípé àti ara líle rí ara wa. Àṣẹ.